Ìsinmi ọjọ́ mẹ́ta láàárín omi: Ganvié ni, àbí Aguégué?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) àti gbogbo Nàgó tó ń kà á. Àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé ní Faransé ń bọ̀ wálé ní oṣù kẹrin, òun àti ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ mẹ́ta. Ilé-ìwé wọn lọ́hùn-ún máa ń pa fún ọ̀sẹ̀ méjì ní àkókò ìrúwé. Ọmọ ọdún 14, 11 àti 6 ni wọ́n. Ó fẹ́ kí wọ́n lo ọjọ́ mẹ́ta ní erékùṣù, ibi tí omi yí ká, kí àwọn ọmọ má kàn jókòó ti tẹlifíṣọ̀n. Mo dárúkọ Ganvié, ìlú orí òpó tó wà láàárín adágún, ìyàwó mi ní wákàtí mẹ́ta ti tó níbẹ̀, kí la fẹ́ fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe? Aládùúgbò wa kan ní Aguégué ló dára. Òmíràn ní kí wọ́n má wá ní oṣù kẹrin rárá, kí wọ́n dúró di ìgbà tí omi bá kún. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ ibẹ̀ dáadáa? Kí ni ẹbí lè ṣe níbẹ̀ gan-an?

* * *

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má sọ fún wọn pé kí wọ́n dúró o. Oṣù kẹrin gan-an ni kí wọ́n wá.

Àjàṣẹ́ ni mò ń gbé, ṣùgbọ́n ọmọ Aguégué ni ìyá tó bí ìyá mi, ọ̀dọ̀ wọn ni mo sì ti ń lo ìsinmi láti kékeré. (Aguégué ti ẹ̀bá Àjàṣẹ́ ni mò ń sọ o, kì í ṣe Agége ti Èkó.) Odò Ouémé ló ń pàṣẹ níbẹ̀. Láti oṣù keje ni omi ti máa ń gòkè, òjò tó rọ̀ ní ìhà àríwá ló ń ṣàn kalẹ̀ wá bá wa. Tó bá fi máa di oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, omi ti bo oko, ó ti bo ojú ọ̀nà, ilé orí òpó nìkan ló kù. Àlejò á rí omi, á rí ilé, ó tán. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹta sí ìkẹrin, omi ti fà, ilẹ̀ ti jáde. Ẹ ó bá oko àgbàdo àti ewébẹ̀ létí odò, ẹ ó bá àwọn tó ń kó ẹja kòtò, ẹ ó bá àwọn tó ń tún àwọ̀n ṣe, tó ń kan ọkọ̀ tuntun. Ọmọ ọdún mẹ́fà á rí ilẹ̀ fẹsẹ̀ tẹ̀.

Ìdáhùn mi sí ìbéèrè yín kò gùn: Ganvié fún àárọ̀ kan, Aguégué láti sùn. Mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ sísùn yẹn dáadáa. Kùtùkùtù àti ìrọ̀lẹ́ ni gbogbo ohun tó dára lójú omi ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá gúnlẹ̀ ní aago mọ́kànlá, tó padà ní aago méjì, oòrùn ló lọ pàdé.

* * *

Mo ti ka èsì yín títí di àárọ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ Ganvié ló gba gbogbo rẹ̀. Àwọn kan ní ibẹ̀ ti bàjẹ́, pé owó nìkan ni wọ́n ń wá lọ́wọ́ àlejò. Àwọn kan ní ẹni tí kò bá tíì dé Ganvié kò tíì dé Bẹ̀nẹ̀. Ẹnì kan, tí mo rò pé ọ̀dọ́ ni, ní ilé orí òpó ni gbogbo rẹ̀, pé èèyàn lè jókòó sílé kó wò ó lórí fóònù.

Ẹni ìkẹta yìí ni mo kọ́kọ́ fẹ́ dá lóhùn, torí ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Àwọn Tòfìnù tó tẹ Ganvié dó kò torí ẹwà lọ sórí omi. Wọ́n ń sá fún ogun Dàhọ̀mì ni, ogun tó ń kó èèyàn lẹ́rú lọ tà létí òkun. Ohun tí àwọn àgbà ń sọ ni pé èèwọ̀ àwọn ọmọ ogun Fọ̀n, àwọn ará Dàhọ̀mì, kò jẹ́ kí wọ́n jà lórí omi, bí adágún Nokoué ṣe di odi ìlú fún wọn nìyẹn. Àwa Nàgó náà mọ ogun yẹn. Ẹ bi àwọn ará Kétu léèrè ohun tí ojú wọn rí ní 1886. Tí ọmọ ọdún 14 bá jókòó nínú ọkọ̀, tí ẹ sọ fún un pé omi tó wà lábẹ́ rẹ̀ yìí ló gba odindi ìlú lọ́wọ́ okùn ẹrú, kò jọ ohun tí fóònù lè ṣe fún un. Láti 1996 ni Bẹ̀nẹ̀ ti fi orúkọ Ganvié sílẹ̀ lọ́dọ̀ UNESCO, sínú ìwé àwọn ibi tó ń dúró láti di ogún gbogbo ayé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní wọ́n ń wá owó, mo gbà pẹ̀lú yín dé ààbọ̀. Òótọ́ ni, wọ́n á gbé ọkọ̀ yín lọ sí ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta aṣọ àti ère, wọ́n á dúró dè yín níbẹ̀ kẹ́ ẹ rajà. Ẹ lè sọ fún atukọ̀ kí ẹ tó gbéra pé ẹ kò fẹ́ ìsọ̀, ojú ọjà àárọ̀ ni kó gbé yín lọ. Ọjà yẹn ni kẹ́ ẹ wò: àwọn obìnrin nínú ọkọ̀ kéékèèké, fìlà etí gbígbòòrò lórí wọn, ata lọ́dọ̀ ẹni yìí, ẹ̀kọ lọ́dọ̀ tọ̀hún, wọ́n ń fi àjẹ̀ fa ara wọn mọ́ra láti dúnàádúrà. Nígbà tí oòrùn bá fi mú, ọ̀pọ̀ wọn ti túká.

Ọ̀rọ̀ fọ́tò ńkọ́? Ẹ béèrè kí ẹ tó yà á. Mo wà nínú ọkọ̀ kan rí tí àlejò kan gbé kámẹ́rà sí ojú ìyá kan tó ń ta ẹja. Ìyá náà fa fìlà rẹ̀ bojú. Àlejò náà sún mọ́ ọn sí i. Ìyá yìí ti àjẹ̀ bọ omi, ó bu omi lé e lára, kámẹ́rà àti gbogbo rẹ̀. Inú bí àlejò náà. Èmi kò rí ẹ̀bi ìyá yẹn. Ta ló máa jẹ́ kí ẹni tí kò kí òun ká òun mọ́ ìsọ̀ máa ya òun?

* * *

Ẹni tó ní kí wọ́n gba ojú omi láti Àjàṣẹ́ dé Ganvié: ọ̀nà wà lóòótọ́. Odò tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní Totchè ló so ọ̀sà Àjàṣẹ́ mọ́ adágún Nokoué, àwọn oníṣòwò ẹja ń gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ ọ́ yìí, ẹ ti gbàgbé pé ọmọ ọdún mẹ́fà wà níbẹ̀. Adágún yẹn gùn tó nǹkan bíi 20 kìlómítà, kò sí ibòji kankan lórí rẹ̀, oòrùn oṣù kẹrin kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú òtútù dé.

Ohun tí èmi máa ṣe nìyí. Kútọ̀nù ni ọkọ̀ òfuurufú wọn máa balẹ̀ sí. Kí wọ́n sùn ní Calavi, ìlú etí adágún tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ lọ sí Ganvié, lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá dé, kí wọ́n dé èbúté Calavi ní kùtù hàì, kí wọ́n wo Ganvié, kí wọ́n kúrò níbẹ̀ kí aago mẹ́wàá tó lù. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n máa bọ̀ ní Àjàṣẹ́, ọ̀nà tó tó nǹkan bíi 30 kìlómítà láti Kútọ̀nù. Ganvié ti parí nìyẹn láìfi ọjọ́ kankan ṣòfò. Ọjọ́ méjì tó kù, ti Aguégué ni.

* * *

Owó ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ló fa ìjà jù lọ nínú èsì, mi ò sì lè fò ó.

Ẹnì kan ní kò yẹ kí ọmọ ilé dúnàádúrà bíi yòvó (òyìnbó), kó kàn wọ ọkọ̀ èrò pẹ̀lú àwọn ìyá ọlọ́jà. Òmíràn ní ká gba ọkọ̀ odindi. Àwọn méjèèjì ló tọ̀nà, ẹrù àti iye èèyàn ló yàtọ̀. Ẹni kan ṣoṣo, kó wọ ọkọ̀ èrò. Ẹbí ẹni mẹ́fà tàbí méje pẹ̀lú ọmọdé, ẹ gba odindi, kí ẹ lè dúró níbi tó wù yín.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ni mo fẹ́ kí ẹ fi ṣọ́ra. Mo gba ọkọ̀ kan nígbà kan, a jọ fẹnu kò sí iye kan, mo sì rò pé àlọ àti àbọ̀ ni. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, ọkùnrin náà ní àlọ nìkan ni iye yẹn, pé òróró ẹ́ńjìnì ti gbówó lórí. Mo ní ọmọ méjì lọ́wọ́, òjò ń kù lókè. Mo san án. Láti ọjọ́ yẹn, ohun mẹ́rin ni mo máa ń sọ jáde lẹ́nu níwájú ẹlẹ́rìí létí èbúté: iye, àlọ àti àbọ̀, aago tí yóò wá gbé wa, àti pé ìgbà tí a bá padà gúnlẹ̀ ni màá san ìdajì tó kù. Atukọ̀ gidi kì í bínú sí èyí. Òun gan-an á fẹ́ kó yéni.

Ẹ̀wù ìléfòó sì wà o, èyí tí àwọn ọmọ yín á pè ní gilet. Ẹ má gbé ẹsẹ̀ sínú ọkọ̀ títí tí ẹ ó fi rí i fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹ sì wò ó bóyá okùn rẹ̀ ṣì ń dì. Ti ọmọdé kì í sábà sí. Ẹ sọ fún àbúrò yín kó ra ti ọmọ ọdún mẹ́fà yẹn dání láti Faransé.

* * *

Àbúrò kan béèrè pé, "Ẹ̀yin ń pariwo Aguégué, kí ló wà níbẹ̀ tí ọmọ Paris máa fẹ́ wò?" Ó yẹ kí n dáhùn èyí fún yín kí ó kún.

Kòtò ẹja. Whédo ni àwọn ará odò Ouémé ń pè é. Inú ilẹ̀ tí odò máa ń kún bò ni wọ́n ti ń gbẹ́ ẹ, ó rí bí kòtò ọ̀gbàrá gígùn. Nígbà ìkún omi, odò bò ó mọ́lẹ̀, ẹja fúnra rẹ̀ ló ń wọ ibẹ̀ lọ wá oúnjẹ àti ibi ìfarapamọ́ sí. Nígbà tí omi bá fà, ọ̀nà àbájáde ti dí, ẹja ti wà nínú. Olóko náà á fi sílẹ̀ títí di ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀, kó tó pe àwọn èèyàn rẹ̀ láti wá kó o. Ìdí tí mo fi ń sọ fún yín pé ẹ má dúró di ìgbà tí omi bá kún nìyẹn: lábẹ́ omi ni kòtò máa wà nígbà náà.

Lọ́dún tó kọjá, mo mú àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi méjì lọ síbi tí wọ́n ti ń kó kòtò ìbátan wa kan. A dé ibẹ̀ kí oòrùn tó yọ. Ewéko bo ojú omi náà pátápátá, àwọn obìnrin ló kọ́kọ́ ń fà á sórí bèbè. Gbòǹgbò rẹ̀ dúdú, ó gùn bí irun, omi ń kán tótó lára rẹ̀. Wọ́n ń gbọn ìdì kọ̀ọ̀kan wò kí wọ́n tó jù ú nù, torí ọmọ ẹja àti edé máa ń há sínú rẹ̀. Nígbà tí ojú omi mọ́ tán, ọkùnrin mẹ́rin bọ́ sínú rẹ̀, ẹrọ̀fọ̀ dé àyà wọn. Wọ́n na àwọ̀n láti ògiri kan dé ìkejì, wọ́n ń tì í lọ síwájú, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn ìkejì, wọ́n ń fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ tẹ etí àwọ̀n mọ́ ìsàlẹ̀ kí ẹja má baà gba abẹ́ rẹ̀. Bí àyè ṣe ń kéré níwájú wọn, omi bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí ọbẹ̀ lórí iná. Àrọ̀ ni. Ìrù wọn ń na omi, ẹrọ̀fọ̀ ń ta sí gbogbo wa lójú.

Bàbá tó ni kòtò náà pe ọmọkùnrin tó kéré nínú àwọn tí mo mú lọ. Ó gbé àrọ̀ kan jáde, ó sì fi han ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń dì í mú: àtẹ́lẹwọ́ lábẹ́ àgbọ̀n ẹja, ìka sẹ́yìn ẹ̀gún méjèèjì tó wà ní ìyẹ́ apá rẹ̀, kí ẹ̀gún má baà gún ọwọ́. Ọmọ náà dì í mú. Ẹja náà ń mí, ó ń la ẹnu, ó ń pa á dé, torí àrọ̀ lè mí afẹ́fẹ́ bíi tiwa, òun ló fi ń pẹ́ nínú ẹrọ̀fọ̀. Ọmọ yìí kì í dákẹ́ nílé. Ó dákẹ́ lọ́jọ́ náà. Títí di òní, tó bá bá mi lọ sí ọjà Ouando, ó ṣì máa ń fi hàn mí lára ẹja tí wọ́n ń tà.

Ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe eré tí wọ́n ṣe fún àlejò. Owó ọdún kan ni. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín ní ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ dúró níbi tí wọ́n bá ní kí ẹ dúró sí, ẹ sì ra ẹja lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó lọ.

* * *

Ìyá kan bínú sí mi. Ó ní mò ń rán ọmọ ọlọ́mọ lọ sun ibi tí ẹ̀fọn máa gbé wọn, níbi tí kò sí ilé ìyàgbẹ́ gidi. Ẹ má bínú, màmá. Ẹ̀fọn wà. Mi ò ní pa á mọ́. Kí àwọn ọmọ tó ń bọ̀ láti Faransé ti bẹ̀rẹ̀ oògùn ibà ṣáájú bí dókítà wọn bá ṣe júwe rẹ̀, kí wọ́n gbé àpò ẹ̀fọn dání, kí wọ́n wọ aṣọ alápá gígùn láti ìrọ̀lẹ́. Ẹ gbé omi mímu lọ láti Àjàṣẹ́, gálọ́ọ̀nù ńlá méjì. Ní ti ilé ìyàgbẹ́, ẹ wádìí kí ẹ tó gba ibùsùn. Ibi tó ní in wà, ibi tí kò ní in náà wà.

Ẹ̀gbọ́n kan láti Ṣábẹ̀ẹ́ ní òun lúwẹ̀ẹ́ nínú odò náà nígbà èwe òun, kò sì sí ohun tó ṣe òun, kí ni gbogbo ìbẹ̀rù yìí? Èmi náà lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Mi ò ní jẹ́ kí ọmọ mi ṣe é báyìí. Ilé pọ̀ ju ti ìgbà yẹn lọ, ìdọ̀tí ilé sì ń lọ sínú omi kan náà. Ó tún ku àtọ̀sí ajá, tí kòkòrò rẹ̀ ń tara ìgbín inú omi bọ́ sí awọ èèyàn, kò dìgbà tí èèyàn bá mu omi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ lúwẹ̀ẹ́ ní adágún ìwẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì nígbà tí wọ́n bá padà dé. Etí òkun wa náà, ẹ ṣọ́ra fún un, omi rẹ̀ máa ń fa èèyàn.

Ẹnì kan béèrè ìdí tí omi fi ń ní iyọ̀ lẹ́nu ní oṣù kẹrin. Àwọn Faransé ló gbẹ́ ojú omi Kútọ̀nù ní 1885 tí òkun fi ráyè wọ adágún. Nígbà tí odò bá kún, omi tútù ń lé omi òkun padà. Nígbà tí odò bá fà, omi òkun á wọlé. Iyọ̀ yẹn náà ló ń pa ewéko olódòdó àlùkò, jacinthe, tó máa ń dí ojú ọ̀nà ọkọ̀ mọ́ wa lọ́wọ́. Àǹfààní mìíràn fún ẹni tó bá lọ ní oṣù kẹrin nìyẹn, ojú omi máa ń mọ́ fún ọkọ̀. Àìdáa rẹ̀ ni pé ọkọ̀ tó bá tóbi máa ń ha ẹrọ̀fọ̀ níbi tí omi kò bá jìn. Ọkọ̀ tó mọ níwọ̀n ni kẹ́ ẹ gbà.

* * *

Ọ̀rọ̀ ti yà sí ọ̀nà mìíràn láti àná. Ẹnì kan ní kí àbúrò yín fi owó rẹ̀ lọ sí Cape Verde tàbí São Tomé, pé erékùṣù gidi nìyẹn. Ibẹ̀ dára, mi ò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí ń mú ọmọ rẹ̀ bọ̀ wálé ni. Ìyá rẹ̀ wà ní Àjàṣẹ́. Ṣé kó tún fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú mìíràn?

Ẹni tó dárúkọ Gberefu ní Àgbádárìgì, èrò dáadáa nìyẹn. Erékùṣù ni lóòótọ́, láàárín ọ̀sà àti òkun, ojú ọ̀nà tí àwọn ẹrú gbà dé etí òkun sì ṣì wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ fẹsẹ̀ rìn ín. Ẹnubodè Sèmè nìkan ni wàhálà rẹ̀: ìwé ìrìnnà àwọn ọmọ tó jẹ́ ti Faransé, físà Nàìjíríà, ìdúró nínú oòrùn. Tó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fẹ́ lò lójú omi, màá ní kí wọ́n lọ.

Àwọn Sẹ̀lẹ́ tó wà láàárín wa rán mi létí nǹkan tí mo gbàgbé láti sọ. Samuel Oshoffa, tí wọ́n bí ní Àjàṣẹ́ níhìn-ín, oníṣòwò igi ni, ọkọ̀ ojú omi ló sì ń gbà lọ wá igi nínú igbó irà. Ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ ló wà ní 1947 tó ní òun gbọ́ ìpè, ọdún náà ni Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Sẹ̀lẹ́, bẹ̀rẹ̀ ní ìlú wa. Tí ẹ bá wà lójú omi ní òwúrọ̀ Àjíǹde, ẹ ó rí ọkọ̀ tó kún fún aṣọ funfun, gbogbo wọn láìwọ bàtà, wọ́n ń kọrin lọ sí ìsìn. Mi ò kì í ṣe Sẹ̀lẹ́, ṣùgbọ́n mo máa ń dúró wò ó títí wọn yóò fi kọjá.

* * *

Oúnjẹ. Kúkúrú ni.

Ẹpìyà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú, tí wọ́n fi iyọ̀ àti ata ra, tí wọ́n dín, pẹ̀lú ẹ̀kọ tútù. Kí ẹ má ṣe béèrè ohun mìíràn ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹpìyà yìí, inú àkájà ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá: ẹ̀ka igi tí wọ́n rì mọ́ ìsàlẹ̀ omi, ewé àti èèhọ̀ á hù lára rẹ̀, ẹja á wá jẹ ẹ́, á fi ibẹ̀ ṣe ilé, títí ẹni tó rì í yóò fi wá fi àwọ̀n yí i ká. Ẹ ní kí wọ́n fi han àwọn ọmọ láti inú ọkọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni di igi rẹ̀ mú tàbí so ọkọ̀ mọ́ ọn. Ó ní ẹni tó ni ín, bí oko ṣe ní olóko.

Ẹnì kan ní kí wọ́n ra ẹja yíyan lọ sí Paris. Kí wọ́n má ṣe é. Wọn kì í jẹ́ kí èèyàn kó ẹran wọ Yúróòpù bó ṣe wù ú, ẹja náà sì ní òfin tirẹ̀. Ẹ fún ìyá àgbà nílé.

* * *

Ẹ̀gbọ́n tó béèrè ti padà wá. Ó ní wọ́n ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, pé wọn yóò bá Àjíǹde níbí, ìyàwó rẹ̀ sì ti gbà pé kí wọ́n sùn ní Aguégué lálẹ́ kan péré. Alẹ́ kan tó. Ó béèrè ohun tí wọn yóò ṣe bí òjò bá rọ̀.

Òjò á rọ̀, ẹ̀gbọ́n. Àkọ́rọ̀ òjò ni, ìrọ̀lẹ́ ló máa ń dé, ìjì ló sì máa ń ṣáájú rẹ̀. Bí ẹ bá rí i tí ojú ọ̀run dúdú ní ìhà ìlà-oòrùn, tí àwọn ẹyẹ funfun ń fò kúrò lójú omi, ẹ má wọ ọkọ̀, kódà bí atukọ̀ bá ní kò sí nǹkan kan. Àárọ̀ ni kí ẹ lọ, àárọ̀ ni kí ẹ sì padà. Bí òjò bá wá ba ọjọ́ kan jẹ́ pátápátá, Àjàṣẹ́ wà níhìn-ín: ààfin Honmè, níbi tí ọba Toffa ti jókòó, àti mọ́sálásí ńlá tí ojú rẹ̀ rí bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí àwọn Àgùdà tó padà láti Brazil ló mú irú ilé bẹ́ẹ̀ wá. Bí ó bá bọ́ sí ọjọ́ ọjà Adjarra, ọrọọrún ni wọ́n ń ná an, ẹ gba zẹ̀mí (ọ̀kadà) lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta ìlù, ọmọ ọdún 11 yẹn á fẹ́ràn rẹ̀. Odò dúdú wà nítòsí ibẹ̀ tí wọ́n fi ọkọ̀ kékeré ń gbé èèyàn kiri lábẹ́ igi, ibòji pọ̀, omi rẹ̀ sì dákẹ́.

Mo ti bá ìyá kan sọ̀rọ̀ ní Aguégué, ìbátan wa ni. Yàrá méjì wà lókè ilé rẹ̀, àpò ẹ̀fọn wà, ilé ìyàgbẹ́ wà. Ó ní kí ẹ mú ẹ̀kọ dání láti Àjàṣẹ́, ẹja kì í wọ́n òun. Ó ní ọmọ òun yóò kó kòtò kan ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé Àjíǹde, bí omi kò bá tètè gòkè. Ó sì béèrè orúkọ ọmọ ọdún mẹ́fà yẹn, kí òun lè mọ bí òun ṣe máa pè é tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kí n sọ fún un.